Ohun Tí Kámẹ́rà Bàbá Mi Rí Nínú Àgbàdo Màmá Àgbà

Gowon Estate kì í ṣe ibi tí ènìyàn máa ń wá ẹranko wò. Ilé ló pọ̀ níbẹ̀, búlọ́ọ̀kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ búlọ́ọ̀kù, tí wọ́n fi orúkọ Ọ̀gágun Yakubu Gowon pè, ẹni tó ṣe olórí orílẹ̀-èdè yìí láti 1966 sí 1975. Ariwo jẹnẹrétọ̀, kẹ̀kẹ́ Márúwá àti ohùn àwọn tó ń pe èrò Ẹ̀gbẹ̀dá àti Ìyànà-Ìpájà ni àlejò kọ́kọ́ máa ń gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá lóṣòó ti ẹ̀gbẹ́ gọ́tà ní aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀, kí oòrùn tó mú, yóò rí i pé kì í ṣe àwa ènìyàn la pọ̀ jù níbẹ̀. Tata wà lórí koríko, ìrì sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Lámilámi dì mọ́ wáyà tí wọ́n ń sá aṣọ sí. Èèrà ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tipẹ́.

Kámẹ́rà tí mo fi ń ya wọ́n kò ju páálí bísíkíìtì kékeré lọ. Bàbá mi rà á kí wọ́n tó bí mi, nígbà tí fóònù kò tíì máa ya àwòrán tó ṣeé wò. Ìgbéyàwó àti ìsọmọlórúkọ ni wọ́n fi ń yà. Nígbà tí wọ́n ra fóònù tuntun, wọ́n jù ú sínú dúrọ́ọ̀, ibẹ̀ ni mo ti gbé e.

Bọ́tìnnì kan wà lẹ́yìn rẹ̀ tó ní àmì òdòdó. Bí a kò bá tẹ̀ ẹ́, ohun tó bá sún mọ́ kámẹ́rà jù á kàn ṣú bàìbàì ni. Bí a bá tẹ̀ ẹ́, tèmi yìí lè ríran kedere dé sẹ̀ǹtímítà 5 sí ojú rẹ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ mi rò pé súùmù ni wọ́n fi ń ya kòkòrò. Rárá o. Bí súùmù bá ṣe ń gùn tó, bẹ́ẹ̀ ni kámẹ́rà ṣe ń fẹ́ kí a sún sẹ́yìn tó. Ńṣe la máa pa súùmù tì, ká wọ́ ara wa lọ bá kòkòrò náà, díẹ̀díẹ̀, kí òjìji wa má kọjá lára rẹ̀, nítorí òjìji lásán ti tó láti lé e lọ. Ìdí tí mo fi ń jí jáde ní àárọ̀ nìyẹn. Ara kòkòrò kì í dá mú ooru wá bíi tiwa. Oòrùn ló máa ń yá. Kí oòrùn tó dé, ẹsẹ̀ wọn ṣì wúwo, wọn kì í tètè fò.

Wàhálà mìíràn ni pé bí a bá ti sún mọ́ nǹkan tó bẹ́ẹ̀, ibi tó máa mọ́ gaara nínú àwòrán kì í ju mílímítà díẹ̀ lọ. Ojú kòkòrò á hàn, ẹsẹ̀ rẹ̀ á ti ṣú. Ojú ni mo máa ń lé. (Inú mi dùn nígbà tí mo gbọ́ pé kámẹ́rà ńlá olówó gọbọi ni ìṣòro yìí ń bá fínra jù, pé kékeré tí inú tèmi kéré ń gbà mí díẹ̀.) Mi ò kì í tan fláàṣì, nítorí ẹnu kámẹ́rà máa ń dí i lọ́nà, òkùnkùn á sì bo ìdajì àwòrán. Bébà funfun kan ni àbúrò mi máa ń bá mi dì mú ní ẹ̀gbẹ́ kejì, kí ìmọ́lẹ̀ lè ta padà sára kòkòrò náà.

Lámilámi ni mo kọ́kọ́ yà tó dára. Orúkọ rẹ̀ dà bíi pé omi ló ń lá, bẹ́ẹ̀ púpọ̀ nínú àwọn tí à ń rí tó ń fi ìdí kan omi, abo ni wọ́n, ẹyin ni wọ́n ń yé. Nínú àwòrán náà, ojú rẹ̀ kì í ṣe ẹyọ kan. Ojú kéékèèké ẹgbẹẹgbẹ̀rún ni, wọ́n tò bí afárá oyin. Ní 1665, Robert Hooke, ará Ìlú Ọba, ya irú ojú bẹ́ẹ̀ láti orí eṣinṣin sínú ìwé rẹ̀, Micrographia, ọwọ́ ló sì fi yà á. Mo gbìyànjú láti fi pẹ́ńsù ya ti lámilámi tèmi. Ó sú mi láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló fẹ́ràn ohun tí mò ń ṣe. Ọkùnrin kan nísàlẹ̀ ilé kejì sọ pé fèrèsé òun ni mò ń yà. Mo kí wọn, mo fi agbọ́n tó ń fi amọ̀ kọ́lé sábẹ́ fèrèsé náà hàn wọ́n nínú kámẹ́rà. Wọ́n wò ó títí. Wọ́n ní, “Nǹkan tó ń bá mi gbélé rèé?” Láti ọjọ́ náà, àwọn gan-an ló máa ń pè mí bí wọ́n bá rí èyí tó ṣàjèjì.

Àgbàdo ló wá sọ eré di iṣẹ́. Ẹ̀yìn búlọ́ọ̀kù wa, láàárín ògiri àti fẹ́ǹsì, ni Màmá àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, ń gbin àgbàdo sí. Wọ́n máa ń sè é tà níwájú ilé. Owó tó bá ti ibẹ̀ jáde ni wọ́n fi ń ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn, nítorí wọn kì í fẹ́ tọrọ lọ́wọ́ ọmọ. Ní ọdún tó kọjá, nǹkan kan jẹ àgbàdo náà débi pé owó oògùn oṣù kan kò tibẹ̀ jáde. Ní ọdún yìí, àgbàdo kò tíì ga kọjá orúnkún mi tí ewé fi tún bẹ̀rẹ̀ sí í lu, tí nǹkan bí ìyẹ̀fun pákó sì kún àárín rẹ̀. Aládùúgbò kan gbé ìgò oògùn aáyán wá, ó ní kí wọ́n bù ú lu omi kí wọ́n dà á sí i. Màmá ti ń wá korobá.

Mo ní, “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní ọjọ́ kan péré, kí n mọ ẹni tó ń jẹ ẹ́.”

Wọ́n ní, “Àbẹ̀kẹ́, ṣé o fẹ́ sọ ọ́ lórúkọ ni?”

Wọ́n fún mi ní ọjọ́ kan náà. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, àbúrò mi fi ọwọ́ la ewé àárín, mo sì ya kòkòrò tó ká jọ síbẹ̀. Kò gùn tó ìka ọwọ́ mi tó kéré jù. Ojú lásán kò rí nǹkan kan lára rẹ̀ ju àwọ̀ ilẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n nínú àwòrán, ilà funfun kan wà níwájú orí rẹ̀ tó dà bí lẹ́tà Y tí wọ́n dorí rẹ̀ kodò, àmì dúdú mẹ́rin sì tò ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin nítòsí ìdí rẹ̀. Mo gbé kámẹ́rà lọ bá olùkọ́ Báólọ́jì wa. Wọn kò tíì wò ó tán tí wọ́n fi ní, “Fall armyworm nìyí.”

Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni kòkòrò náà ti wá. Ní ìparí oṣù kìn-ín-ní ọdún 2016 ni wọ́n rí i nínú àgbàdo ní ìhà gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà, títí kan oko ilé ìwádìí IITA ní Ìbàdàn àti Ìkẹ́nnẹ́. Nàìjíríà, Benin, Togo àti São Tomé ni wọ́n ti kọ́kọ́ kéde rẹ̀ ní Áfíríkà. Ìyẹn ni pé mo ṣáájú rẹ̀ dé ilẹ̀ yìí. Àfòpiná kan tó ń fò lóru ló ń yé e. Bí ó bá ti wọ àárín ewé lọ, ìgbẹ́ ara rẹ̀ ló máa fi dí ẹnu ọ̀nà, kì í tètè jẹ́ kí oògùn kan òun. Oògùn aáyán ì bá kàn jókòó sórí ohun tí a fẹ́ jẹ ni.

Olùkọ́ wa ní ká máa fi ọwọ́ mú wọn, ká bu eérú tàbí yanrìn kíkúnná sí àárín ewé, ká sì máa wá ẹyin wọn lórí ewé kí ó tó pa. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni èmi àti àbúrò mi fi ṣe é ní àárọ̀ kí a tó lọ sí ilé-ìwé. Eérú ba yúnífọ́ọ̀mù mi jẹ́. Àwọn àgbàdo kan ṣì kú, ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ yọ ọmọ, Màmá sì gbé ìkòkò kaná.

Ìjà tó tẹ̀lé e ni ti igi ọsàn wẹ́wẹ́. Màmá rí kòkòrò lórí ewé rẹ̀, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í já wọn sílẹ̀, wọ́n ní ọ̀tá kan náà ni. Mo ya ọ̀kan. Kò sí Y níwájú rẹ̀. Àwọn kékeré inú wọn dà bí ìgbẹ́ ẹyẹ, àwọn tó ti dàgbà jẹ́ aláwọ̀ ewé, bí mo sì ṣe fi koríko kan ọ̀kan, ó yọ ìwo pupa rẹ́súrẹ́sú méjì láti ẹ̀yìn orí rẹ̀, òórùn kan sì tú jáde. Papilio demodocus ni, labalábá ńlá dúdú tó ní àmì ìyẹ́yẹ́, tó máa ń fò kọjá níwájú búlọ́ọ̀kù wa lọ́sàn-án. Mo fi àwòrán labalábá náà han Màmá, ìyẹ́ rẹ̀ tó ní ìpẹ́ kéékèèké bíi páànù òrùlé.

Wọ́n ní, “Ó dára lójú. Ṣé òun ló máa ra oògùn fún mi?”

Mi ò rí èsì sí ìyẹn. Igi náà kò tíì ga, ewé rẹ̀ kò sì pọ̀. A ṣe àdéhùn: ẹ̀ka tó kọjú sí fẹ́ǹsì jẹ́ ti labalábá, ìyókù jẹ́ ti Màmá. Kòkòrò tó bá kọjá ààlà, èmi ni mo máa gbé e padà. Mo ti gbé méje padà báyìí. Màmá kò fọwọ́ kan ẹ̀ka náà, ṣùgbọ́n wọ́n máa ń ka ewé rẹ̀.

Àgbàdo kejì ti hù. Láàárọ̀ yìí, mo rí ìdì ẹyin méjì lábẹ́ ewé, irun bí òwú bò wọ́n mọ́lẹ̀. Mo yà wọ́n lẹ́ẹ̀mẹ́rin, mo fi èékánná fọ́ wọn, mo sì sáré lọ wẹ̀.