Kì í Ṣe Koríko Lásán

Ẹnì kan nínú wa fẹ́ ya odò fún iṣẹ́ àṣekágbá. Wọ́n ní kò rí nǹkan gidi yà ni. Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ nílẹ̀. Ní 1667, ní Faransé, André Félibien fi àwòrán ìtàn ńláńlá sípò gíga, ó fi ti pápá àti igi sápá ìsàlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ní 1503, Albrecht Dürer ti Jámánì ti ya koríko inú ẹrẹ̀: kò sí ọba, kò sí áńgẹ́lì níbẹ̀. Ilé ọnà Albertina ní Vienna ló ń tọ́jú rẹ̀. A wò ó lórí fóònù títí: ewé kọ̀ọ̀kan dá yàtọ̀, gbòǹgbò hàn. Ẹni tó fi sùúrù báyìí wo ohun tí à ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ kò ṣe iṣẹ́ kékeré. Ọ̀rẹ́ wa, lọ ya odò rẹ.