Ọkọ̀ Onígáàsì Nígbà Ọyẹ́

Ẹ̀yin òbí wa, láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, àwọn ọkọ̀ kan ní Sango ti ń lo gáàsì pẹ̀lú bẹntiróòlù. Ọ̀kan nínú wọn ló ń gbé àwa akẹ́kọ̀ọ́ láti Ìjòkó.

Bí ọyẹ́ bá mú, bẹntiróòlù ni wọ́n fi ń ṣíná sí i. Gáàsì a máa tutù púpọ̀ bó ti ń jáde látinú sílíńdà; omi gbígbóná ẹ́ńjìnnì ló ń mú un yá.

Láàárọ̀ ọjọ́ ìdánwò Lárúbáwá, bẹntiróòlù ti tán. Ọkọ̀ kọ̀ jálẹ̀. Ẹsẹ̀ la fi rìn, a sì pẹ́.

Ẹ̀yin awakọ̀ wa, gáàsì dínwó lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ máa fi bẹntiróòlù díẹ̀ sílẹ̀. Kí Ọlọ́hun máa ṣọ́ wa. Àmín.