Ẹ Má Jẹ́ Kó Já Bọ́

Ibi pẹlẹbẹ ni a ti ń mú ọ̀ọ̀lẹ̀ jẹ, àwọn àgbà ló wí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe sinimá kò gba òwe yẹn gbọ́. Ibi tó gbóná jù ni wọ́n máa ń fẹ́ kọ́kọ́ bù: ìbọn á dún, mọ́tò á gbiná, ẹnì kan á ṣubú yakata sílẹ̀, kí ẹni tó sanwó wọlé tó ráyè fìdí kalẹ̀. Nígbà tí àwa ń lọ wo fíìmù ní Casino ní Yábàá, 'akítọ̀' là ń pe ẹni tó ni eré, kò sì sí ọmọdé tí kò mọ̀ pé akítọ̀ kì í kú. Nítorí náà, bí ìbọn ti wù kó máa dún tó lára aṣọ funfun, ẹ̀pà wa là ń jẹ. Ẹ̀rù kò bà wá, ariwo lásán là ń gbọ́.

Ọ̀rọ̀ yìí ló di àríyànjiyàn láàárín èmi àti ọmọkùnrin kan ládùúgbò wa ní Sùúrùlérè. Iṣẹ́ kámẹ́rà ló ń ṣe. Ìgbéyàwó o, ìsìnkú o, ìkómọjáde o, òun ni wọ́n ń pè. Ó ti pẹ́ tó ti ń fẹ́ ṣe fíìmù tirẹ̀. Ó dá àjọ, ó yá díẹ̀ kún un lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀, ó wá kó ìwé tó kọ wá bá mi.

"Ẹ̀gbọ́n," ó ní, "láti ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ ni mo fẹ́ kí ẹ̀rù ti máa bà wọ́n. Ojú Ẹlẹ́gbà ni mo sì fẹ́ ya ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ sí."

Mo ka ìwé náà. Àwọn adigunjalè bẹ́ jáde nínú dánfó, wọ́n yìnbọn, wọ́n gbé báàgì, wọ́n sá lọ.

"Ta ni wọ́n yìnbọn fún?" ni mo bi í.

"Ẹnì kan ni, Ẹ̀gbọ́n."

"Ṣé a mọ̀ ọ́n?"

"A ò tíì lè mọ̀ ọ́n, sà. Fíìmù ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni."

"Ó dáa ná. Ẹni tí a kò mọ̀, tí a kò sì mọ̀ pé nǹkan ń bọ̀ wá bá a, báwo ni ẹ̀rù ṣe máa bà wá nítorí rẹ̀?"

Mo wá sọ ọ̀rọ̀ Alfred Hitchcock fún un, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó lọ di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká ní Amẹ́ríkà nídìí irú fíìmù báyìí. Òun ló ṣàlàyé fún Truffaut, ará Faransé tí òun náà ń ṣe fíìmù, nínú ìwé kan tó jáde ní 1966. Ó ní ká sọ pé èèyàn méjì jókòó sídìí tábìlì, wọ́n ń tàkúrọ̀sọ. Bọ́ǹbù wà lábẹ́ tábìlì, kò sẹ́ni tó mọ̀. Ló bá dún gbàmù! Èrò ìwòran á ta gìrì fún ìṣẹ́jú-àáyá 15, ó parí nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí àwọn èrò bá ti kọ́kọ́ rí ẹni tó gbé bọ́ǹbù náà síbẹ̀, tí wọ́n mọ ìgbà tí yóò dún, tí aago ara ògiri sì ń fi hàn pé ó ku ìṣẹ́jú 15, ọ̀rọ̀ yẹpẹrẹ tí àwọn méjì náà ń sọ á di ohun tí èèyàn ń gbọ́ tó ń làágùn. Á máa ṣe wá bíi ká pariwo pé, "Ẹ dìde níbẹ̀!" Ìṣẹ́jú 15 gbáko ni ọkàn wa yóò fi wà lókè.

Ohun tó ń fi ọkàn èèyàn sókè, ohun tí àwa mọ̀ ni, tí ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn kò mọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ti àwọn òyìnbó nìyẹn," ni ọmọkùnrin náà wí.

Ti òyìnbó kẹ̀? Ẹni tó fẹ́ ya fíìmù ní Ojú Ẹlẹ́gbà ló ń sọ bẹ́ẹ̀! Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ṣé kì í ṣe Èṣù là ń pè ní Ẹlẹ́gbà? Ojúbọ rẹ̀ ló fún ibẹ̀ lórúkọ, oríta sì ni ibùjókòó rẹ̀. Ta ni kò gbọ́ ìtàn àwọn ọ̀rẹ́ méjì tí oko wọn dojú kọra? Èṣù dé fìlà tó pupa lápá kan, tó dúdú lápá kejì, ó gba àárín oko wọn kọjá. Ọ̀kan ní fìlà pupa lòun rí, èkejì ní dúdú ni, ìjà dé. Ẹ kíyè sí i pé ẹni tó ń sọ ìtàn náà kì í fi fìlà pa mọ́ fún wa. Láti ìbẹ̀rẹ̀ la ti rí apá méjèèjì. Àwọn ọ̀rẹ́ yẹn ni kò rí i. Bí wọ́n ti ń búra fúnra wọn, à ń pòṣé, ó ń ṣe wá bíi ká na ọwọ́ wọ inú ìtàn lọ ká yí fìlà náà padà. Kí wọ́n tó bí Hitchcock ni àwọn baba wa ti mọ ọgbọ́n yìí.

Àwọn tó tẹ̀lé wọn náà kò gbàgbé. Ọládẹ̀jọ Òkédìjí kọ Àjà Ló Lẹrù ní 1969, ó kọ Àgbàlagbà Akàn ní 1971, Lápàdé rẹ̀ sì ń lé ọ̀daràn kiri débi pé òǹkàwé kò ní lè pa iná sùn. Ti orí ìtàgé ló yàtọ̀ díẹ̀. Àwọn eléré bíi Ògúndé, orin àti ijó ni wọ́n fi ń ṣílé eré, 'opening glee' ni wọ́n ń pè é. Kò sì burú, torí èrò tí kò tíì jókòó, ìlù ló lè pè é jókòó. Ṣùgbọ́n nínú fíìmù, ohun tí ojú bá kọ́kọ́ rí ló ń pe èrò jókòó.

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, a jọ rìn lọ sí Ojú Ẹlẹ́gbà. Fela ti fi oríta náà ṣe àpẹẹrẹ ìdàrúdàpọ̀ nínú àwo rẹ̀ tó ń jẹ́ Confusion ní 1975. Ní 2014, Wizkid fi orúkọ ibẹ̀ pe orin tirẹ̀. Ní ti ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nílẹ̀, ẹni tó ti mọ ibẹ̀ tipẹ́ kò ní ṣì í mọ̀. Kọ̀ndọ́ ń ké Yábàá, òmíràn ń ké Múṣin, "Ẹ mú ṣéńjì yín dání o!" Àgbérò na ọwọ́ wọ ojú fèrèsé awakọ̀. Lókè orí gbogbo wọn ni afárá wà. Western Avenue, tí wọ́n ti sọ di Funsho Williams Avenue, ló gba orí rẹ̀ kọjá, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ tírélà tó gbẹ́rù ní èbúté Àpápá ń gbà bọ́ sí Ìkòròdú Road.

Ọmọkùnrin yìí ń wo ilẹ̀, ó ń wá ibi tí àwọn adigunjalè rẹ̀ yóò ti bẹ́ jáde. Èmi ń wo òkè.

Ẹni tó bá mọ ibẹ̀ á mọ ìdí rẹ̀. Ní oṣù September 2015, kọ̀ntéénà kan já bọ́ láti orí afárá náà lé jíìpù kan lórí, èèyàn 3 kú. Ní ọjọ́ Àìkú, 29 January 2023, òmíràn já bọ́ lé bọ́ọ̀sì èrò lórí. Èèyàn 9 ló kú, ọmọdé 2 wà nínú wọn. Ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n yọ láàyè.

Kọ̀ntéénà kì í ṣe ara tírélà, ńṣe ni wọ́n gbé e lé e. Irin ìdè mẹ́rin ló yẹ kó dì í mú ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Irin náà á wọ inú ihò tó wà nídìí kọ̀ntéénà, wọ́n á sì yí i kó há. Bí wọn kò bá yí i, tàbí tí ìpẹtà ti jẹ ẹ́, tàbí tó jẹ́ pé okùn ni wọ́n fi so ó, a jẹ́ pé ìwúwo rẹ̀ nìkan ló mú un dúró. Èyí tó kún lè wúwo tó 30 tọ́ọ̀nù. Bí tírélà bá sáré kọ kọ́nà, tàbí tí táyà apá kan wọ kòtò, ìwúwo tó mú un dúró náà ni yóò gbé e ṣubú.

Ìyá kan tó ń ta bọ́ọ̀lì rí wa tí à ń nàka sókè, ó béèrè ohun tí à ń wá. Ọmọkùnrin náà kúnlẹ̀ díẹ̀, ó kí i, ó ṣàlàyé.

"Ohun tó ń dẹ́rù bani lẹ̀ ń wá?" Ìyá rẹ́rìn-ín. "Ẹ jókòó síbí, ẹ máa gbọ́."

Ó ní òun kì í gbójú wo òkè mọ́, etí lòun fi ń ṣọ́ ọ. Tírélà tó bá ṣófo, gbàngà-gbàngà ló ń dún níbi tí wọ́n ti so afárá pọ̀. Èyí tó bá kún, gìrìrì ni, ilẹ̀ á sì mì díẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀. "Tó bá ti dún gìrìrì, ọwọ́ mi á dúró. Tó bá kọjá tán, màá yí bọ́ọ̀lì mi." Nígbà tí a fẹ́ máa lọ, ó pè wá padà. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ọmọ mi, tí ẹ bá máa fi ṣe fíìmù, ẹ má jẹ́ kó já bọ́."

Ọmọkùnrin náà kò sọ̀rọ̀ títí a fi délé. Kò tún dárúkọ adigunjalè mọ́.

Ọjọ́ mẹ́ta la fi tún ìbẹ̀rẹ̀ náà tò. Àpápá ló ti bẹ̀rẹ̀, ní kùtùkùtù, láìsí orin. Ọwọ́ ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ kan la kọ́kọ́ rí. Ó yí irin kìíní, ó há. Ó yí ìkejì, ó há. Ìkẹta ti dípẹtà, kò yí. Ìkẹrin kò tilẹ̀ sí níbẹ̀. Ẹni tó ń yẹ ọkọ̀ wò dé, a kò rí ojú rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ nìkan la rí. Owó kọjá láti ọwọ́ dé ọwọ́, ó sì fọwọ́ sí ìwé pé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló há. Ọmọ náà wá wáyà, ó lọ́ ọ mọ́ igun kẹrin, ọkọ̀ gbéra.

Ojú Ẹlẹ́gbà: ìyá kan ń fẹ́ iná. Nínú dánfó, kọ̀ndọ́ so èèyàn méjì pọ̀, ọmọ ilé-ìwé kan àti bàbá kan, ó fún wọn ní owó kan pé kí wọ́n lọ pín in. Ta ni wọn kò tíì ṣe bẹ́ẹ̀ fún l'Ékòó? Wọ́n sọ̀ kalẹ̀ lábẹ́ afárá. Kò sí ṣéńjì. Wọ́n dúró, wọ́n ń bẹ oníbọ́ọ̀lì, wọ́n ń bẹ oníṣáná. Ní Costain, fọ́nrán wáyà kan já. Ní Alaka, òmíràn já. Lábẹ́ afárá, bàbá náà ní òun kò ní lọ láìgba owó òun. Lẹ́bàá Stadium, fọ́nrán kan ṣoṣo ló kù. Tírélà bẹ̀rẹ̀ sí í gun afárá. Ìyá gbọ́ gìrìrì, ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí bọ́ọ̀lì. Àwọn méjì náà ṣì ń jiyàn lórí owó tí kò tó nǹkan. Ní báyìí, kò yẹ kó sí ẹni tó lè jẹ ẹ̀pà nínú àwọn tó ń wò ó.

Ibẹ̀ ni àríyànjiyàn wa ti le. "Ẹ̀gbọ́n, tí kò bá já bọ́, wọ́n á ní a tan àwọn jẹ," ni ó wí. "Àti pé àwọn tó kú, wọ́n kú lóòótọ́. Tí a bá ní kò já bọ́, ṣé kì í ṣe irọ́ là ń pa yẹn?"

Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní ìwọ̀n. Mo mọ̀ pé Orson Welles ṣe é báyìí nínú Touch of Evil ní 1958: wọ́n gbé bọ́ǹbù sínú búùtù, kámẹ́rà tẹ̀lé ọkọ̀ náà kiri ìlú fún ohun tó lé ní ìṣẹ́jú 3 láìgé e, lẹ́yìn náà ó dún. Fíìmù ńlá ni. Ṣùgbọ́n ní Ojú Ẹlẹ́gbà, ẹni tó jókòó nínú òkùnkùn tó ń wò ó lè jẹ́ ẹni tí wọ́n pe fóònù rẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú yẹn. A kò lè gba owó lọ́wọ́ rẹ̀ ká tún fi òkú ènìyàn rẹ̀ hàn án. Ẹ̀wẹ̀, ní ti iṣẹ́ ọwọ́ pàápàá, ohun tó bá ti já bọ́ ti parí. Nínú Jaws, ní 1975, ẹja tó pa ọmọbìnrin yẹn lálẹ́ ọjọ́ kìíní, a kò rí i rárá, ìdí nìyẹn tí a fi ń bẹ̀rù omi títí fíìmù fi lọ jìnnà.

A wá fẹnu kò. Tírélà gun afárá, ó sọ̀ kalẹ̀. Ìyá yí bọ́ọ̀lì rẹ̀. Àwọn méjì rí ṣéńjì, wọ́n pín in, oníkálukú lọ. Kò sẹ́ni tó mọ ohun tó kọjá lórí òun. Nígbà náà ni ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ yọjú, ó rí i pé fọ́nrán kan ló kù. Òun àti àwa nìkan la mọ̀, Ìkòròdú Road sì wà níwájú, afárá mìíràn ń bẹ níbẹ̀. Orúkọ fíìmù wá jáde. Kì í ṣe irọ́ nìyẹn. Bí a ti ń gbé nìyẹn.

Ohun kan ṣoṣo ni mo ń rò títí di ìsinsìnyí. Nínú ìtàn Hitchcock, èrò ìwòran mọ̀, àwọn tó wà nídìí tábìlì kò mọ̀. L'Ékòó, ẹni tó jókòó sídìí tábìlì mọ̀ dáadáa pé bọ́ǹbù wà lábẹ́ rẹ̀. Ó jókòó síbẹ̀ nítorí pé ibẹ̀ ló ti ń jẹun. Awakọ̀ mọ̀, ẹni tó fọwọ́ sí ìwé mọ̀, àwọn Road Safety sì ti ń pariwo rẹ̀ tipẹ́.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ní tírélà, ẹ̀yin tí ẹ ń wà á, ẹ̀yin tí ẹ ń fọwọ́ sí ìwé, irin mẹ́rin péré ni. Ẹ bá wa yí i kó há kí ẹ tó kúrò ní Àpápá. Ẹ jẹ́ kó jẹ́ inú sinimá nìkan ni ọkàn wa yóò ti máa wà lókè.