Ta Ni Yóò San Owó Aró Náà?

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni kò mọ̀ pé ìbátan ni adìrẹ tí àwọn ìyá wa ń fi èlú pa láró àti ṣòkòtò jíǹsì tí àwọn ọmọ wa kì í fẹ́ bọ́ lára. Aró kan náà ló wà lára àwọn méjèèjì. Nígbà tí Levi Strauss àti télọ̀ kan tó ń jẹ́ Jacob Davis gba ìwé àṣẹ ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1873, lórí ṣòkòtò tí wọ́n kan irin pẹlẹbẹ mọ́ igun àpò rẹ̀ kó má baà ya, láti ara ewé ni aró aṣọ ti ń wá. Ọdún 1897 ni ilé-iṣẹ́ BASF ti ilẹ̀ Jámánì bẹ̀rẹ̀ sí í ta èyí tí wọ́n fi kẹ́míkà ṣe, òun náà ló sì gbòde dòní.

Aró yìí ní ìwà kan: kì í yọ́ nínú omi lásán. Àwọn aláró wa ti mọ èyí tipẹ́. Wọn a gún ewé èlú, wọn a mọ ọ́n róboróbo, wọn a sá a sóòrùn, kí wọ́n tó rẹ ẹ́ sínú omi eérú fún ọjọ́ mélòó kan títí yóò fi kan. Bí aṣọ bá jáde nínú ìkòkò, àwọ̀ ewé ni yóò kọ́kọ́ ní. Ìgbà tí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ sí i ni yóò tó di aró. Ní ilé-iṣẹ́ jíǹsì, sódà àti kẹ́míkà mìíràn ló gba ipò eérú. Wọn a ri òwú bọ inú aró, wọn a yọ ọ́ sí afẹ́fẹ́, wọn a tún rì í bọ̀ ọ́, lẹ́ẹ̀mélòó kan. Síbẹ̀, aró náà kì í dé inú lọ́hùn-ún. Ara òwú ló ń lẹ̀ mọ́. Ìdí nìyẹn tí jíǹsì fi ń ṣá bí a ti ń wọ̀ ọ́. Bí omi tí wọ́n lò bá sì di dídà sódò láìjẹ́ pé wọ́n sẹ́ ẹ, odò ni yóò gba ìyókù.

Sódà kì í ṣe àjèjì sí wa. Nígbà tí mo ṣì ń ṣiṣẹ́ ìwé ìròyìn, mo lọ sí Ìtòkú ní Abẹ́òkúta láti kọ̀wé nípa adìrẹ. Ìyá kan na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sí mi, awọ rẹ̀ ti bó níbi ìka. Mo bi í léèrè ìdí tí wọn kò fi padà sí èlú. Ó ní, “Ọmọ mi, ẹni tó fẹ́ adìrẹ èlú pọ̀, ẹni tó fẹ́ san owó rẹ̀ ni kò sí.”

Ọ̀rọ̀ náà ti wà nílẹ̀ kí wọ́n tó bí ìyá yìí. Ní àwọn ọdún 1930, Aláké Adémọ́lá Kejì fòfin de sódà àti aró òyìnbó, nítorí ẹ̀sùn pé wọ́n ń ba ojúlówó adìrẹ jẹ́. Àwọn aláró kọ̀ jálẹ̀. Ọjà ti kú nígbà náà, owó kò sí nílùú, èlú sì ń gba àkókò. Ọ̀rọ̀ náà le débi pé ìgbìmọ̀ ìwádìí jókòó lé e lórí lọ́dún 1936. Lójú tèmi, ìdí ìkòkò aláró ni òfin náà dojú kọ. Iye tí oníbàárà fẹ́ ra aṣọ náà ni kò kàn án.

Irú rẹ̀ ló ṣẹlẹ̀ sí jíǹsì. Ní ilẹ̀ Turkey, àwọn ọ̀dọ́kùnrin ń fi ẹ̀rọ fẹ́ iyanrìn sára jíǹsì nínú àwọn ṣọ́ọ̀bù kéékèèké, kó lè ṣá. Ẹ gbọ́ ná: aṣọ tuntun ni, wọ́n kàn fẹ́ kó dà bí ògbólógbòó ni! Eruku iyanrìn náà wọ inú ẹ̀dọ̀fóró wọn, ó sì di àrùn tí kò gbóògùn. Ìjọba fòfin dè é lọ́dún 2009; ní 2010, Levi's àti H&M kéde pé àwọn kò fẹ́ irú aṣọ bẹ́ẹ̀ mọ́. Iṣẹ́ náà kò tán síbẹ̀, wọ́n ń ṣe é ní Bangladesh.

Lónìí, ìmọ́lẹ̀ lésà lè mú kí jíǹsì ṣá láìsí iyanrìn, afẹ́fẹ́ òsóònù sì ń ṣe é pẹ̀lú omi díẹ̀. Ohun tó dára ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ olówó ńlá ni wọ́n, bí ilé-iṣẹ́ bá sì ti ń kéde pé òun ti di ọ̀rẹ́ àyíká, ohun tí mo máa ń wá nínú ìkéde náà ni ẹni tó ra ẹ̀rọ, àti bóyá wọ́n fi kọ́bọ̀ kan kún owó tí wọ́n ń san fún ẹni tó ń rán aṣọ. N kì í sábà rí i.

Ti omi ńkọ́? Ìwádìí tí Levi's fúnra rẹ̀ gbé jáde lọ́dún 2015 sọ pé ṣòkòtò kan ń gba 3,781 lítà omi láti oko òwú títí dé ìgbà tí a óò sọ ọ́ nù. Ìdá 68 nínú 100 jẹ́ ti oko òwú. Ìdá 23 sì jẹ́ ti fífọ̀ tí àwa tí a wọ̀ ọ́ ń fọ̀ ọ́. Chip Bergh, ọ̀gá ilé-iṣẹ́ náà nígbà kan, sọ lọ́dún 2014 pé jíǹsì òun ti tó bí ọdún kan tí kò tíì rí ẹ̀rọ ìfọṣọ. Kò gbé inú ooru Èkó, a ò lè bá a wí.

Èyí tó dúdú minimini, tí ẹnikẹ́ni kò tíì ha lára, ni mo ń rà ní tèmi. Mo ń fọ̀ ọ́ nígbà tó bá dọ̀tí ní ti gidi. Bí orúnkún bá ya, télọ̀ àdúgbò wa a lẹ̀ ẹ́ fún mi, mo sì máa ń san iye tó bá pè láìná an.