Oorun Orí Tírélà

Nílé, bí wọ́n bá gbọ́ pé ọmọ lágbájá ń sùn nínú mọ́tò ní Amẹ́ríkà, àánú rẹ̀ á kọ́kọ́ ṣe wọ́n ná. Wọ́n á ní, "Ṣé kò rílé gbé ni?" Ìyá mi náà bi mí bẹ́ẹ̀ lọ́dún tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tírélà. Mo ní, "Màámi, mo nílé ní Clear Lake, bẹ́ẹ̀dì mi sì wà níbẹ̀. Ìjọba ló ní kí n sùn lójú ọ̀nà."

Òótọ́ ni. Òfin ilẹ̀ yìí ni pé bí awakọ̀ akẹ́rù bá ti wa ọkọ̀ fún wákàtí 11, ó di dandan kó sinmi wákàtí 10. Láti oṣù Kejìlá ọdún 2017, ẹ̀rọ inú ọkọ̀ ló ń ka wákàtí yẹn fún ọ̀pọ̀ nínú wa. Kò sí pé èèyàn ń fi bírò ṣe màgòmágó mọ́. Bí mo bá gbé kọ̀ǹtéénà ní Bayport, tí mo gba I-45 lọ sókè, ibi tí wákàtí bá ti pé ni ilé mi lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ẹ̀yìn àga awakọ̀ ni ibùsùn wa wà. Fóòmù tó bá ọkọ̀ wá kì í sábà nípọn, ẹ ra òmíràn lé e. Ẹ ta kọ́tìnì dúdú. Ẹ gbé ọkọ̀ sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú. Bí kò bá sí, ẹ jẹ́ kí ibi tí orí yín wà ga ju ẹsẹ̀ lọ. Ooru ńkọ́? Ní Houston nínú oṣù Kẹjọ, ààrò ni ọkọ̀ tí wọ́n tì pa, àní lóru. Bí ẹ bá fi ẹ́ńjìnnì ńlá sílẹ̀ nítorí éńsì, ó ń jẹ tó gálọ́nù kan díẹ̀ ó dín ní wákàtí kan. Ìdí nìyẹn tí a fi ń fi owó pamọ́ ra ẹ́ńjìnnì kékeré tí wọ́n ń pè ní APU, tí kì í jẹ dísẹ́ẹ̀lì tó bẹ́ẹ̀.

Johnson Space Center tó wà ní àdúgbò wa ni wọ́n ti ń bójú tó àwọn ará Amẹ́ríkà tó ń gbé ní òfurufú. Àwọn náà ń sùn nínú yàrá tí kò ju àpótí tẹlifóònù ìgboro àtijọ́ lọ, nínú àpò tí wọ́n so mọ́ ògiri. Oòrùn ń yọ fún wọn ní bí ìgbà 16 lójúmọ́, fáànù sì gbọ́dọ̀ máa fẹ́ kí èémí wọn má baà dúró yí orí wọn ká. Òkùnkùn àti atẹ́gùn, ohun tí àwa náà ń wá nìyẹn. Àmọ́ wọ́n fi ohun kan jù wá lọ: kò sẹ́ni tó lè wá kan ilẹ̀kùn wọn lóru.

Àpápá sí Kánò ni bàbá mi ń ná. Ní Ògèrè, ẹní ló ń tẹ́ sábẹ́ tírélà, nítorí ooru. Ojú kan ló ń sùn, ojú kejì ń ṣọ́ bátìrì àti dísẹ́ẹ̀lì. Bó bá délé, á sùn títí ilẹ̀ á fi ṣú, àwa ọmọ á máa yọ́ ẹsẹ̀ rìn. Gbèsè oorun ló ń san.

Ní oṣù Kẹta ọdún 2009, awakọ̀ kan tó ń jẹ́ Jason Rivenburg gbé wàrà lọ sí South Carolina. Ó tètè dé, kò sì rí ibi tó dáa tó lè dúró sí, ló bá sinmi níbi ilé epo kan tí wọ́n ti pa tì. Wọ́n yìnbọn pa á síbẹ̀, dọ́là méje péré ni wọ́n rí gbà. Oyún ìbejì wà nínú ìyàwó rẹ̀. Òun ni wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe òfin Jason's Law ti ọdún 2012, lórí ààyè ìgbọ́kọ̀sí. Síbẹ̀, títí dòní, ààyè ò tó.

Lọ́dún tó kọjá, ẹni tó ń pín ẹrù fún wa gbé ẹrù olówó gidi wá. Mo ní, "Ibo ni mo máa sùn?" Ó ní, "Wàá ríbì kan ṣá." Mo ní kó gbé e fún ẹlòmíràn. Owó oṣù yẹn fún wa mọ́ra. Ìyàwó mi kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó dákẹ́, ó wá ní, "Owó á tún wá."

Ẹ̀yin àbúrò tó ń gba ìwé àṣẹ tírélà báyìí, fíríìjì àti tẹlifíṣọ̀n dáa. Àmọ́ kí ẹ tó gba ẹrù, ẹ kọ́kọ́ mọ ibi tí ẹ máa sùn, kí ẹ sì débẹ̀ kílẹ̀ tó ṣú.