Ìka Méjì Bàbá Mi

Àlòkù ni Ruger 10/22 tí mo rà ní Houston. Láti ọdún 1964 ni wọ́n ti ń ṣe irú rẹ̀. Ọta .22 kékeré ló ń jẹ, mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan. Ohun tó wù mí nínú rẹ̀ ni pé èèyàn lè tú u palẹ̀ lórí tábìlì kíṣìnnì: o máa rí i dájú pé kò sí ọta nínú rẹ̀, o tú síkúrù kan, ìdí onígi ti bọ́, píìnì méjì, tírígà ti jáde. Síkúrù méjì péré ló de ọ̀pá mọ́ ara rẹ̀.

Mo kọ́kọ́ yọ irin kékeré tó ń gba ìkọlù lẹ́yìn, mo fi onírọ́bà rọ́pò rẹ̀ kí ariwo "kọ̀" yẹn lè dín kù. Ó sì dín kù lóòótọ́. Mo tún wá pààrọ̀ ọ̀pá. Ẹ má bi mí ní iye tí mo rà á o, ìyàwó mi lè máa ka èyí.

Ọjọ́ tí mo fẹ́ fi fáìlì ha inú tírígà kó lè rọ̀ sí i ni Bàbá pè mí lórí fídíò WhatsApp. Ọdẹ ni wọ́n. Ṣakabùlà tí wọ́n fọwọ́ ara wọn tún ṣe ló bẹ́ mọ́ wọn lọ́wọ́, ìka méjì bá a lọ. Wọ́n rí àwọn irin lórí tábìlì.

"Ta ló kọ́ ẹ?"

"Íntánẹ́ẹ̀tì ni, sà."

Wọn ò bú mi. Wọ́n kàn gbé ọwọ́ yẹn sún mọ́ fóònù, wọ́n dákẹ́.

Mo gbé fáìlì sílẹ̀. Nígbà tó di Sátidé, mo gbé e lọ fún ẹni tó ń tún ìbọn ṣe, ó ní kí n padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Bàbá ti béèrè lẹ́ẹ̀mẹta báyìí: "Ṣé ó ti parí? Tí o bá fẹ́ yìn ín, pè mí, kí n gbọ́ ohùn rẹ̀."