Láti Àtàrí Dé Ìdí

Tí ẹ bá dé ọjà Bódìjà n'Íbàdàn, ẹ wo aláàárù tó ti bọ́ ẹ̀wù, tí àpò ẹ̀wà wà lórí rẹ̀. Ẹ fi àpò sílẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ ni kí ẹ wò. Kòtò tẹ́ẹ́rẹ́ kan ti ìsàlẹ̀ ìpàkọ́ bọ̀ wá sí ìdí, ẹran ẹ̀yìn sì ki lọ́tùn-ún lósì rẹ̀. Inú kòtò yẹn ni ọ̀pá ẹ̀yìn wà.

Òkè ni ẹrù ti ń tẹ̀ ẹ́. Àtàrí gbé òṣùká, òṣùká gbé àpò. Lójú, ẹyọ kan ni àgbárí, ṣùgbọ́n eegun 22 ló para pọ̀ dì í: 8 bo ọpọlọ, 14 di ojú, àgbọ̀n ìsàlẹ̀ nìkan ló sì ń mira nínú wọn. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ pé wọn kò so mọ́ra báyìí látilẹ̀ wá, kó wo àwùjẹ̀ ọmọ tuntun, ibi tó ń mí fùkẹ̀fùkẹ̀, tí ìyá àgbà kì í jẹ́ kí ọwọ́ ẹnikẹ́ni ṣèèṣì bà. Ó sábà máa ń dí kí ọmọ tó pé ọdún 2.

Orí jókòó lé eegun ọrùn kìíní, tó rí roboto, tó dá ihò láàárín. Atlas ni àwọn oníṣègùn ń pè é, orúkọ òmìrán inú ìtàn Gíríìkì tó ru ọ̀run. Ó yẹ kí àwọn aláàárù gbọ́ ìyẹn! Tí a bá mi orí sókè-sódò pé a gbà, eegun yìí ló ń bá wa ṣe é. Tí a bá gbọn orí pé a kọ̀, ìkejì ló ni iṣẹ́: ó na ṣóńṣó kan sókè, ìkíní ń yí lára rẹ̀. Eegun ọrùn jẹ́ 7, bẹ́ẹ̀ náà ni ti àgùnfọn pẹ̀lú gbogbo gígùn ọrùn rẹ̀. Ẹ tẹrí ba, kí ẹ fọwọ́ wá kókó tó yọ jù nísàlẹ̀ ọrùn lẹ́yìn. Lọ́pọ̀ ìgbà, ìkeje nìyẹn.

Eegun 12 tó tẹ̀ lé e, àwọn ni eegun ìhà so mọ́, nítorí náà ibẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ tẹ̀. Márùn-ún ti ìbàdí ló tóbi jù, torí pé orí wọn ni gbogbo ẹrù òkè ń já sí. Láti abẹ́ eegun ọrùn kejì wá, kerekere pẹlẹbẹ wà láàárín eegun sí eegun, ó ń ṣe iṣẹ́ òṣùká fún wọn. Omi inú rẹ̀ ń fún jáde díẹ̀díẹ̀ lójúmọmọ, aláàárù á sì kúrú díẹ̀ nírọ̀lẹ́ ju bó ṣe jí lọ. Tó bá sùn, omi á padà.

Ẹ wá bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ọ̀pá náà kò tọ́! Ọrùn tẹ̀ síwájú, àyà tẹ̀ sẹ́yìn, ìbàdí tún tẹ̀ síwájú, àwọn ìtẹ̀ yìí ló sì ń jẹ́ kó lè gba ẹrù mọ́ra. Ẹ̀yìn ọmọ tuntun tẹ̀ kọdọrọ ni. Ìgbà tó bá ń gbé orí dúró ni ti ọrùn ń hàn dáadáa. Ti ìbàdí, ó di ìgbà tó bá jókòó, tó dìde, tó ń tá gèègè.

Mùdùnmúdùn ẹ̀yìn ń gba ihò àwọn eegun yìí sọ̀kalẹ̀ láti ọpọlọ, ṣùgbọ́n kò dé ìdí. Lára àgbàlagbà, ó tán sí nǹkan bí eegun ìbàdí kìíní tàbí ìkejì. Ìdí nìyẹn tí dókítà tó fẹ́ fa omi ẹ̀yìn fi ń fọwọ́ wá orí eegun ìgbáròkó lápá méjèèjì: ọ̀gangan ibẹ̀ láàárín ẹ̀yìn ni eegun ìbàdí kẹrin wà, abẹ́rẹ́ tó bá gún níbẹ̀ kò ní kan mùdùnmúdùn.

Eegun 5 tó ti so di ọ̀kan ló kù, pẹ̀lú àwọn wínníwínní bíi mẹ́rin tó gbẹ̀yìn pátápátá. Kò sẹ́ni tó ń ka àwọn wọ̀nyí sí, àyàfi ẹni tó já láti orí ọ̀kadà, tó fìdí sọlẹ̀ lórí kọ́ńkéré, tó wá ń fi ẹ̀bá ìdí kan ṣoṣo jókòó ní ṣọ́ọ̀ṣì.